Ohun Tó Yẹ Ká Gbìn Sórí Àpáta Iwájú Gbọ̀ngàn Wa



Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan dá a lábàá pé ká tún ra koríko àti òdòdó tuntun sórí àpáta iwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. A kò lòdì sí ẹwà o. Ṣùgbọ́n ẹ rántí èyí tí a rà lọ́dún tó kọjá: kí ọyẹ́ tó tán, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, owó tí a san fún ẹni tó ń pọnmi sì ti ju owó òdòdó lọ. Owó tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Abẹ́òkúta la wà. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò kì í pọ̀ níbí. Oòrùn á mú àpáta gbóná, ooru náà kò sì ní tètè lọ lálẹ́. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ńṣe ni omi ń ṣàn kúrò, erùpẹ̀ inú pàlàpálá kò tó láti dá a dúró. Kí ni koríko tó fẹ́ ilẹ̀ tútù yóò mu?

Ohun tó yẹ ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ọ̀dúndún, àbámodá àti ojá ìkookò ní ewé tó nípọn, tó ń tọ́jú omi pamọ́. Ewé àbámodá kan ṣoṣo, bó bá fara kan ilẹ̀, ọmọ á yọ létí rẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń fara da ọ̀dá, a ó sì rí èso jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbin oró síbẹ̀. Oje rẹ̀ léwu fún ojú, àwọn ọmọ wa sì ń ṣeré níbẹ̀.

Wọ́n lè ní ewé àgbo lásán nìwọ̀nyí. Àbí ewé àgbo tó ń tutù yọ̀yọ̀ kò sàn ju òdòdó olówó ńlá tó ti kú?

Èrò wa ni pé kí oníkálùkù mú ọmọ irúgbìn kan wá láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Ká po iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ erùpẹ̀, nítorí omi àdúró ló ń mú kí ìdí wọn rà. Owó tí ìbá bá koríko lọ, ká fi kún owó ẹ̀yáwó. Ibẹ̀ ló ti máa so èso fún gbogbo wa.