Egbò Tí A Kò Rí Ohun Tó Fà Á

Ọ̀pọ̀ egbò tí àwọn ènìyàn ń kà sí aláǹtakùn lọ́rùn ni aláǹtakùn kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹni tó sùn tó jí, tó rí i pé ibì kan wú lẹ́sẹ̀ òun, tí aláǹtakùn sì wà ní kọ̀rọ̀ iyàrá, kì í wádìí mọ́ kí ó tó dá ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀, eyín ọ̀pọ̀ aláǹtakùn inú ilé kò lágbára tó láti lu awọ ènìyàn, èyí tó sì lè bunijẹ nínú wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí aṣọ tàbí bàtà bá há a mọ́ni lára.

Ní Amẹ́ríkà, aláǹtakùn olójú mẹ́fà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Loxosceles reclusa, tí oró rẹ̀ lè pa ẹran ara ibi tó bù jẹ. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2002 fi hàn pé wọ́n kó 2,055 irú rẹ̀ nínú ilé kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Kansas láàárín oṣù mẹ́fà, kò sì sí àmì pé ó bu ẹnikẹ́ni jẹ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, nínú àwọn egbò tí a lè ṣì kà sí ti aláǹtakùn, yàtọ̀ sí oówo àti egbò àwọn alátọ̀gbẹ, èyí tó yẹ kí ó kọni lóminú ni egbò Bùrúlì, tí kòkòrò àìfojúrí kan tó bá ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti ẹ̀tẹ̀ tan ń fà. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré lábẹ́ awọ. Oró tí kòkòrò náà ń tú jáde ń pa ìmọ̀lára ibẹ̀, àìdunni yìí gan-an ló sì ń tan ènìyàn jẹ, tí yóò fi máa retí pé yóò lọ fúnra rẹ̀ títí awọ yóò fi bẹ́, tí egbò yóò sì ti jẹ abẹ́ awọ lọ ju bí ojú ti rí i lọ. Oògùn rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún un. Ní Pobè, ìlú àwọn Yorùbá ní Benin, ilé ìwòsàn kan wà tó ń tọ́jú rẹ̀, tí àwọn aláìsàn Nàìjíríà náà ń lọ.

Ìwàǹwára ló ń ba egbò jẹ́. Kẹrosínì, ìgbẹ́ màlúù, abẹ tí a fi ń sín in àti ẹnu tí a fi ń fa oró, kò sí èyí tó ń wo ohunkóhun sàn nínú wọn. Kápúsù Ampiclox tí wọ́n ń tú dà sójú egbò, tó ti di àṣà báyìí, kò sàn jù wọ́n lọ, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ a gan mọ́ ojú egbò, ọyún a sì kó sábẹ́ rẹ̀. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹni tó ní egbò fi fọ ibẹ̀, kí ó fi aṣọ tútù lé e, kí ó sì fi báírò fa ìlà yí etí ibi tó pọ́n ká, kí ó kọ aago sí i. Bí pípọ́n náà bá kọjá ìlà, bí ibà bá dé, bí àárín rẹ̀ bá ń dúdú, tàbí bí kókó tí kò dunni bá ń tóbi sí i, ilé ìwòsàn ló kàn. Alátọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà yẹn. Ẹni tí ètè rẹ̀ ń wú tàbí tí kò lè mí dáadáa kò gbọ́dọ̀ dúró rárá.

Ẹni tó bá pa ohun tó bù ú jẹ, kí ó gbé e dání nínú ìgò. Ẹni tí kò rí nǹkan kan, kí ó sọ fún dókítà pé òun kò rí i.