Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Kò Tó Fi Gba Ọ̀bẹ Lọ́wọ́ Olè

Ẹni tó bá sọ fún ọmọbìnrin kan pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tó láti mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ lásán gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ olè, ẹ̀mí ọmọlọ́mọ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Síbẹ̀, irú ìlérí yìí kò wọ́n lójú pátákó ìpolówó àwọn tó ń kọ́ni ní júdò fún ìdáàbòbò ara. Owó aṣọ, owó ìdánwò, owó bẹ́líìtì. Àwọ̀ bẹ́líìtì á ti yí padà kí ọmọ tó mọ ohunkóhun.

Kano Jigoro, ará Japan tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, kò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ kéré nígbà èwe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé a sì máa fìyà jẹ ẹ́. Ìyẹn ló sún un dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ìjà àtijọ́. Nígbà tó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó yọ ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá kúrò nínú ìjàkadì ojoojúmọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gbogbo agbára dánra wò láìpa ara wọn lára. Títí dòní, ohun tí ọmọ júdò kọ́kọ́ ń kọ́ ni bí a ṣe ń ṣubú: kí àgbọ̀n wọ àyà kí orí má baà lulẹ̀, kí apá sì gbá ẹní kí eegun má baà gba gbogbo ìró ìṣubú náà. Ta ló ń kọ ìyẹn sójú pátákó? Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ balùwẹ̀ tó ń yọ̀ lè gbé ẹni tí kò ní bá olè pàdé láéláé ṣubú.

Àwọn òbí tó ní ẹ̀kọ́ yìí ń sọ ọmọ di jàǹdùkú náà ṣì í. Ọmọ tó ń tẹríba fún alátakò rẹ̀ kí wọ́n tó dìmú, tó sì gbọ́dọ̀ jáwọ́ lójú ẹsẹ̀ bí ẹnìkejì bá ti fọwọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, báwo ni yóò ṣe di jàǹdùkú? Nínú gídígbò Yorùbá pàápàá, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kanlẹ̀, ìjà ti parí nìyẹn.

Ní ti olè ọlọ́bẹ, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ju fóònù sílẹ̀ kó sì sá. Kí òbí tó sanwó nílé júdò kankan, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún wákàtí kan. Bí kò bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kankan tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ṣubú, kó mú owó rẹ̀ padà sílé.