Tìróò ojú ọmọ: ṣé àgbo lè fọ òjé kúrò lára?

Bí ìyá bá wẹ ọmọ tán ní Ìlaró tàbí Ayétòrò, tó fi òróró pa á lára, tìróò ló máa ń kàn. Wọ́n á ní ó ń mú ojú ọmọ dán, ó sì ń jẹ́ kó ríran dáadáa. Àmọ́ kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe púpọ̀ nínú tìróò, òjé ló wà nínú rẹ̀, òjé kan náà tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Ní 2012, àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà jábọ̀ nípa ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston, tí ìran rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé sí i lójú. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, nínú 100, ó lé ní 82 tó jẹ́ òjé.

Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á tún ki ọwọ́ náà bọ ẹnu. Ọpọlọ rẹ̀ tó ń dàgbà ni òjé ń bà jẹ́: ó lè má tètè sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ lè ṣòro fún un. Bí òjé bá pọ̀, inú á máa run ún, gìrì sì lè gbé e. Ẹ̀yin àgbà náà, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400. Ní Ògíjó, nípìńlẹ̀ Ògùn tiwa, tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ èèyàn 70 tó jáde ní 2025 fi hàn pé méje nínú mẹ́wàá ló ní òjé tó lè ṣe wọ́n léṣe.

Ṣé àgbo ò lè fọ̀ ọ́ kúrò? Àwọn onímọ̀ ti fún eku ní òjé, wọ́n sì fún wọn ní omi ewé mọ̀ríńgà tàbí aáyù. Ìpalára tó ṣe wọ́n dín kù. Ní Iran, wọ́n dán aáyù wò lára òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bátìrì, òjé ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. 2012 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n, abẹ́ ìtọ́jú dókítà ni wọ́n sì wà. Ẹ má fi tiwọn ṣe ti ọmọ ọwọ́. Ní 2006, àwọn olùwádìí, tí Dora Akunyili wà lára wọn, bá òjé nínú oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà. Àgbo tí a rò pé yóò lé e jáde lè tún bù kún un.

Ká lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ẹ má lé tìróò sí ọmọ lójú mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tú bátìrì tó ti kú. Bí bàbá bá ń ṣiṣẹ́ bátìrì, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó wẹ̀, kó tó gbé ọmọ. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja wẹ́wẹ́ àti wàrà, torí pé ara tí kò ní èròjà irin àti kálísíọ́mù tó ló ń fa òjé mọ́ra jù. Mọ̀ríńgà nínú ọbẹ̀ dára, àmọ́ oúnjẹ ni, kì í ṣe ìwòsàn májèlé.

Bí ẹ bá fura, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ẹ má tijú, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti ń lé tìróò sí i lójú, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Oògùn tó ń di òjé mú, tó ń gbé e jáde nínú ìtọ̀, wà. Dókítà ló mọ ìgbà tó yẹ. Bó bá jẹ́ gìrì ló gbé e, ẹ má dúró se àgbo rárá, ọsibítù ni kí ẹ sáré lọ.

Ojú ọmọ yóò dán láìsí tìróò. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.