Kí Kọ̀ǹpútà Tó Dán Ọmọ Wò, Ẹ Dán Kọ̀ǹpútà Wò

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kọ̀ǹpútà náà ní ojú tirẹ̀: ibi kan ṣoṣo tó kọjú sí, tí ohun tí a bá tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù yóò bọ́ sí. Bí ojú yìí bá ṣáko, a ó tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rọ kò ní dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó. Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọyẹ́, ó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, ìdánwò JAMB orí kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Bọ́tìnnì 8 péré tó fún un: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí ìpinnu padà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan máòsì rí lè fi wọ́n ṣe é tán, bí ojú ẹ̀rọ bá ṣáà wà níbi tó yẹ.

Àwọn tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ dán an wò. Selenium, tí Jason Huggins bẹ̀rẹ̀ ní 2004, lè ṣí ojú-ewé, kó sì tẹ bọ́tìnnì láìsí èèyàn nídìí rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. A lè ní kó ti ìdáhùn bọ inú àpótí tààrà láìjẹ́ pé ojú dé ibẹ̀. Yóò kéde pé iṣẹ́ pé, nígbà tí ọmọ tó ń tẹ Tab, tàbí afọ́jú tí ẹ̀rọ ń ka ojú-ewé sí létí, kò rí ọ̀nà débẹ̀. Ìdánwò tó péye a máa tẹ Tab bí èèyàn, a sì máa bi ojú-ewé ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé: ibo lo kọjú sí?

Àwọn kan yóò ní ohun kékeré nìyí. Ẹ rántí oṣù Karùn-ún 2025: àtúnṣe kan tí kò dé orí àwọn ẹ̀rọ kan kó bá olùdánwò 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ 5 ní gúúsù ìlà-oòrùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá JAMB, tọrọ àforíjì ní gbangba. Kì í ṣe ojú ẹ̀rọ ló fa ìyẹn, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni: ohun tí a kò yẹ̀ wò bí a ó ṣe lò ó, a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Òfin tó dáàbò bo àwọn akanda ẹ̀dá ti wà ní Nàìjíríà láti 2019. Kí iléeṣẹ́ ìjọba tó gba ètò tuntun, kí wọ́n ní kí ẹni tó kọ ọ́ ti máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fi kíbọọ̀dù nìkan lò ó dópin. Ọmọ àgbẹ̀ Ìkọ̀lé kò gbọdọ̀ pàdánù odidi ọdún kan nítorí ojú ẹ̀rọ tó ṣáko.