Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kílíníìkì pé àwọn kan fẹ́ ṣe ìwádìí lórí oògùn, ẹ má sá. Ẹ má sì tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ hydroxyurea. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ti ń fi tọ́jú tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àgbàlagbà 299 tó ní àrùn yìí, tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, gbà kí wọ́n dán an wò lára àwọn. Àwọn kan ń lo ojúlówó, àwọn kan ń lo kóró tí kò ní nǹkan kan nínú, dókítà pàápàá kò mọ ẹni tó ń lo èwo. Nígbà tí èsì jáde ní 1995, ìrora àwọn tó lo ojúlówó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Wọ́n tiẹ̀ dá ìwádìí náà dúró ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, torí kò tọ́ kí wọ́n ṣì máa fi oògùn tó ń ṣiṣẹ́ du àwọn yòókù.

Àwọn kan ní ti òyìnbó nìyẹn, pé ibà tó wà nílẹ̀ Áfíríkà kò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ níbí. Àwọn òbí ní Àngólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà bá yọ̀ǹda ọmọ wọn, ó lé ní 600 ọmọ. Ní 2019, èsì dé: ìrora dínkù, ikú dínkù, ibà tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an náà dínkù.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: “Wọ́n fẹ́ fi wá kọ́ṣẹ́ ni.” N kò bá yín wí. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn wọn kan tó ń jẹ́ Trovan wò níbẹ̀ nínú ìwádìí tí ọmọ 200 wà. Ọmọ 11 kú. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gbàṣẹ, pé àrùn ló pa wọ́n. Ó di 2009 kí wọ́n tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Torí náà, kí wọ́n ka ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí fún yín ní Yorùbá, látòkè délẹ̀. Bí wọ́n bá ń kánjú, ẹ gbé e lọ sílé kí ẹni tó mọ̀wé kà á. Ẹ bi wọ́n: aburú wo ni oògùn yìí lè ṣe? Ta ló máa sanwó bí ó bá ṣe é? Bí mo bá ní n kò ṣe mọ́ lóṣù tó ń bọ̀, ṣé ẹ ó ṣì máa tọ́jú ọmọ mi? Ẹni tó bá ń ṣe kámikàmì lórí ìyẹn, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ kan ti yẹ ìwádìí náà wò, irú èyí tó wà ní UCH Ìbàdàn. Ẹ gba nọ́ńbà wọn, kí ẹ pè é.

Èyí tó kù ló jẹ mí lógún jù. Nínú irú ìwádìí báyìí, iye ìgbà tí ọmọ dé ọsíbítù ni wọ́n sábà máa ń kà. Ìyá tó gbé omi kaná lóru, tó ń fi aṣọ jó orúnkún ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ní Virginia, wọ́n ní kí àgbàlagbà 232 tó ní àrùn yìí máa kọ ìrora wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Èsì tó jáde ní 2008 fi hàn pé ó ju ìdajì ọjọ́ lọ tí ara fi ń ro wọ́n, ilé ni wọ́n sì ti ń fara da púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ta ni ìbá mọ̀?

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ déètì, ibi tó ń dun ọmọ náà, ohun tí ẹ fún un lò. Lọ́jọ́ kílíníìkì, ẹ mú un dání. Bí dókítà kò bá béèrè, ẹ ṣí i síwájú rẹ̀.