Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1990, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan, Jennifer Keelan, sọ̀ kalẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Washington. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Ó dojú bolẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ìgúnpá àti orúnkún wọ́ ara rẹ̀ sókè, àkàsọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Àkàsọ̀ náà lé ní àádọ́rin. Òun nìkan kọ́: àgbàlagbà bí ọgọ́ta fi àga àti ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń rá gòkè láti fi han àwọn aṣòfin ohun tí ojú àkàndá ẹ̀dá ń rí lójoojúmọ́. Ìyá Jennifer wà níbẹ̀. Kò gbé ọmọ rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan ti wáyé kó tó gùn ún. Lára àwọn tó ṣètò ìwọ́de náà, àwọn kan kò fẹ́ kí ọmọdé dá sí i. Wọ́n ní àánú ni aráyé yóò máa ṣe ọmọ kékeré, bẹ́ẹ̀ àwọn kò torí àánú wá sí Washington, ẹ̀tọ́ ni àwọn ń bèèrè. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àsọdùn, a ó sì padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ní òun yóò gùn ún, ó sì gùn ún dé òkè. Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ George H. W. Bush buwọ́ lu òfin tó de ìdẹ́yẹsí àwọn àkàndá ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé Jennifer nìkan ló gba òfin náà. Àwọn àgbà ti ja ìjà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn òfin ọ̀hún, àwòrán ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé jáde.

Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí ń bèèrè kò le. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, ya ọjọ́ ìjókòó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ tó jẹ́ àkàndá àti àwọn òbí wọn, kí wọ́n wá sọ bí òfin ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn àti bí kò ṣe dé. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí àwọn ọmọ yìí ni wọ́n sì ń fá láti ọjọ́ yìí wá, tí kò sẹ́ni tó pe olórí síbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹkún lásán lèyí, kó gbọ́ ti Katie Beckett. Ìlú Cedar Rapids, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ni wọ́n bí i sí ní 1978. Kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́fà tí àìsàn ọpọlọ fi kọlù ú, nígbà tí yóò sì fi bọ́ nínú rẹ̀, kò lè dá mí mọ́. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ọdún ń gorí ọdún, ọsibítù ni ọmọ ń gbé. Àwọn dókítà ní ilé ló máa dára fún un jù. Òfin ni kò gbà. Medicaid, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń san owó ìwòsàn àwọn tí apá wọn kò ká a, ń san ti Katie níwọ̀n ìgbà tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọjọ́ tó bá délé báyìí, wọn yóò ka owó oṣù bàbá àti ìyá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, wọn yóò ní wọ́n ti lówó jù, ìrànlọ́wọ́ á sì dáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀, owó tí ìjọba ń san ní ọsibítù ju ohun tí wọn ì bá ná sórí rẹ̀ nílé lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìjọba ń sanwó tó pọ̀ jù láti fi ọmọ pamọ́ fún ìyá rẹ̀.

Olùkọ́ ni Julie, ìyá Katie. Kò ní bàbá ìsàlẹ̀ kankan. Ó kàn ń ro ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, títí ó fi dé etí Tom Tauke, aṣòfin láti Iowa. Tauke gbé e dé ọ̀dọ̀ igbákejì ààrẹ, láti ibẹ̀ ó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Ronald Reagan, ẹni tó mẹ́nu bà á níwájú àwọn oníròyìn ní oṣù Kọkànlá 1981. Wọ́n yẹ òfin náà sílẹ̀ fún un, kí ọdún sì tó parí, Katie ti wà nílé. Nígbà tó di 1982, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ka owó òbí mọ́ ọn. Nígbà tí Katie fi máa dolóògbé ní 2012, ní ẹni ọdún 34, àwọn ọmọ tó ti jẹ àǹfààní ètò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù.

Èyí tó wú òǹkọ̀wé yìí lórí jù ni pé Katie kò dúró sí ipò ọmọ tí wọ́n ń gbẹnu sọ fún. Ó kàwé gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nílùú wọn, ó sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn alágbára bí ìgbésí ayé ṣe rí fún irú òun. Ìyá tó ń jà fún un tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó jókòó tì í, tó ń gbọ́ ọ. Ìwúrí wo ló ju ìyẹn lọ fún abiyamọ?

Àwa náà kò ṣàìní òfin lórí ọ̀rọ̀ àkàndá. Ó pẹ́ kó tó dé: ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá ti fọwọ́ sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láìrí ààrẹ tí yóò buwọ́ lù ú, kí Muhammadu Buhari tó buwọ́ lù ú ní oṣù Kìíní 2019. Èkó kò tilẹ̀ dúró de Àbújá. Láti 2011, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, ni wọ́n ti ní tiwọn. Òfin 2019 yìí dùn-ún kà. Ó ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ àkàndá títí dé ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gba àkàndá mọ́ra, kí wọ́n sì ní olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá dẹ́yẹ sí i, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́, mílíọ̀nù kan náírà. Lórí ìlà, àkàndá ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Òfin náà tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àkàndá ṣagbe.

Ọdún márùn-ún ni òfin fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún ọ̀hún pé ní oṣù Kìíní 2024. Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí rántí ilé ìjọba tó wọ̀ kẹ́yìn, kó ka àkàsọ̀ tó gùn kó tó rí ẹni tó ń wá.

Ìran kan wà tí kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá kan pọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dé sẹkitéríàtì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ẹrù ọ̀já mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé orúnkún ìyá, ó ń mì síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ìyá ti wẹ̀ fún un, ó ti fi ìpara pa á lójú, ó wọ ibọ̀sẹ̀ funfun àti bàtà dúdú fún un. Ìsàlẹ̀ bàtà náà mọ́ tónítóní, kò tẹ ilẹ̀ rí. Akọ̀wé tó wà lórí tábìlì gbójú sókè:

“Ìyá, kí lẹ tún gbé ọmọ yìí wá fún? Ẹ ò bá ti fi sílé.”

“Òun ló lọ̀rọ̀, sà.”

Ibọ̀sẹ̀ funfun yẹn ni ká wò dáadáa. Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ tọrọ owó kì í wọ ibọ̀sẹ̀ funfun fún un. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì: ohun tí ìyá yẹn ń wí nìyẹn láìlanu. Àwọn baba ńlá wa náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní Ọbàtálá fọwọ́ ara rẹ̀ mọ arọ, abuké, àfín àti afọ́jú, ẹni òrìṣà sì ni wọ́n ń pè wọ́n; ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, òrìṣà ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe wá di pé bí àlejò bá ti kanlẹ̀kùn, wọn a sáré gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ yàrá inú, ìtàn mìíràn ni. Ojú ń ti òbí nítorí ẹnu aráyé. Ọjọ́ tí òbí bá borí ìtìjú yẹn, tó gbé ọmọ rẹ̀ jáde síta gbangba, ohun tó kéré jù tí ìjọba lè ṣe ni pé kó má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

A ti ní a ó padà sórí ìbẹ̀rù àwọn tí kò fẹ́ kí Jennifer gun àtẹ̀gùn. Àwa náà mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí a máa ń rí i. Òṣèlú dé pẹ̀lú kámẹ́rà, àga oníkẹ̀kẹ́ mélòó kan wà nílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ sórí ọ̀kan, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ ní ìbéèrè kan. Àga náà dára, kí Ọlọ́run san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí àga náà kò lè wọ̀ ńkọ́? Bí òfin bá sọ pé kí a má fi àkàndá ṣagbe, ó yẹ kí ẹnì kan bèèrè bóyá ó tọ́ ká máa fi wọ́n ṣe ìpolówó ìbò. Ohun tó ya ọ̀rọ̀ àánú sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ń sọ̀rọ̀?

Àwọn kan yóò ní, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Adití ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Kí ilé aṣòfin gba ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè àwọn adití. Afọ́jú ń kàwé. Kí wọ́n tẹ àbádòfin sí Bíráìlì fún un. Èyí tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, ìyá rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbi tí ẹ ti ń fún kọmíṣọ́nnà ní wákàtí kan. Àwọn mìíràn yóò ní kò sówó. Ẹjọ́ Katie ti dáhùn ìyẹn dé àyè kan. Ní ti ẹnu ọ̀nà, yanrìn, sìmẹ́ńtì àti òkúta díẹ̀ ni ọ̀nà pẹrẹsẹ ń gbà.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn àkàndá láti 1992, yóò bá ìjókòó yìí mu. Kí ó má jẹ́ lórí pápá lábẹ́ kánópì, pẹ̀lú ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́. Inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣòfin gan-an ni, kí akọ̀wé ilé kọ ohun tí àwọn ọmọ sọ sílẹ̀ bó ṣe ń kọ ti àwọn aṣòfin. Kí kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ wà níkàlẹ̀, kó sọ lójú wọn iye ilé ẹ̀kọ́ tó ti ní olùkọ́ àkàndá àti iye owó tó jáde nínú èyí tí wọ́n kọ sínú ìṣúná. Bó bá di ọdún kejì, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n sọ léṣìí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de ìwé ìpè. Aṣòfin àdúgbò yín ní ọ́fíìsì, ẹ kọ lẹ́tà sí i kí oṣù Kejìlá tó dé, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Orúkọ ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sínú lẹ́tà náà, kí tiyín tó tẹ̀ lé e.