Bí Ìyá Bá Tún Ọkọ Fẹ́, Owó Ta Ni Wọn Yóò Ṣírò?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, òfin ìrànwọ́ owó yunifásítì kò gba òwe yìí gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ òbí yóò bá a pọn ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ìyá kan ní Houston ń dá ọmọbìnrin rẹ̀ tọ́. Owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, nítorí náà ọmọ ń retí Pell Grant, owó ìjọba àpapọ̀ tí a kì í san padà, tó lè tó $7,395 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026. Ìyá wá fẹ́ ọkọ tí owó oṣù rẹ̀ jọjú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ kọ fọ́ọ̀mù FAFSA. Ipò ìgbéyàwó òbí lọ́jọ́ tí a kọ fọ́ọ̀mù ni ìjọba ń wò. Owó ọkọ ìyá di ara ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọsílẹ̀ owó-orí ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọn kò tíì fẹ́ra, ni wọ́n ń lò. Ẹ̀bùn náà lè dín kù, ó sì lè bọ́ pátápátá. Àdéhùn pé kálukú ni yóò gbọ́ bùkátà ọmọ tirẹ̀ kò yí i padà.

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, bí òbí bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, ẹni tó náwó jù lórí ọmọ láàrin oṣù 12 tó kọjá ni fọ́ọ̀mù kàn, kì í ṣe ẹni tí ọmọ ń bá gbé. Bí ó bá jẹ́ bàbá ni, tí kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn, owó ọkọ ìyá kò kan ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọkọ tuntun gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ owó-orí òun wò. Bí ó bá kọ̀, ọmọ kò ní rí Pell Grant gbà. Lójú ọkọ, ọmọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ń tú àpò òun wò. Lójú ọmọ, àlejò ló ń dí òun lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ìfọwọ́sí yìí kì í ṣe ìlérí láti san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má sì gbàgbé láti ka àwọn ọmọ ọkọ tí ìdílé ń bọ́ mọ́ iye ènìyàn inú ilé, nítorí ó lè ran ìṣirò lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òbí, ẹ mú ẹ̀rí lọ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n lágbára láti tún ìṣirò ṣe.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bá òbí yín jókòó kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ṣáájú kì í di àsọ̀ lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù bá dé.